Ooru inú ilé páànù: iṣẹ́ wo ni ẹní, ìko àti okùn àgbọn lè ṣe?

Ọmọ Òkè Súnà

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ará. Òkè Súnà ni mò ń gbé nílùú Ìlọrin níbí, yàrá méjì àti pálọ̀. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri, páànù ni òrùlé, pílíwúùdù tín-ín-rín sì ni àjà. Fèrèsé pálọ̀ dojú kọ ìwọ̀-oòrùn. Láti bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ògiri yẹn ò ṣeé fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀ á ṣú, fáànù á máa yí, afẹ́fẹ́ gbígbóná náà ni yóò máa fẹ́ síni lára. Àwọn ọmọ á gbé ẹní, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Band A ni iná tiwa. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná ìpele yìí láti náírà 68 lọ sí 225 lórí yúníìtì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ti gbọ́kàn kúrò lórí ẹ̀rọ amúlétutù. Ohun tó wá láti ara ewéko ni mò ń rò: ẹní níbi àjà, ìko tàbí okùn àgbọn lójú fèrèsé, aṣọ òfì fún kọ́tìnì, kí n sì ká kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà kúrò nílẹ̀. Ayálégbé ni mí, mi ò lè fọwọ́ kan òrùlé.

Èwo nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, èwo ló kàn jẹ́ ẹ̀ṣọ́?

Ará Gánmọ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ra ẹ̀rọ amúlétutù kékeré kan, kí ẹ máa tàn án lóru nìkan. Ẹní ò lè mú ilé tutù. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń lo ẹní, amọ̀ nípọn ni ògiri wọn, koríko ni wọ́n fi bo orí ilé. Ilé yẹn ló tù wọ́n lára. Ẹ gbé ẹní bàbá yín wá sínú ilé búlọ́ọ̀kù, ẹ máa rí i pé òógùn lẹ máa fi sùn.

Tíṣà Òmù-Àrán

Ará Gánmọ, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n kò tíì parí síbẹ̀. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀rọ amúlétutù máa ń kó ooru tó ti wọlé jáde. Ẹní ò lè kó ooru kankan jáde. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó má jẹ̀ẹ́ kí ooru ráàyè wọlé rárá. Nítorí náà, ibi tí a gbé e kọ́ ṣe pàtàkì ju irú èyí tí a rà lọ.

Ẹ wo ọ̀nà tí ooru ń gbà dé bá yín. Òrùlé ni àkọ́kọ́. Ìlọrin wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8.5 lápá àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sí àtàrí wa gan-an: ní nǹkan bí àárín oṣù kẹrin, àti ní ìparí oṣù kẹjọ. Ìkùukùu òjò máa ń bá wa bo ti oṣù kẹjọ. Ti oṣù kẹrin kò ní ìbòrí púpọ̀. Páànù á gbóná, ooru á sì máa ta láti ara rẹ̀ sórí àjà bó ṣe ń ta láti ara ẹyín iná sójú ẹni tó jókòó ti ààrò. Tí àjà bá tín-ín-rín, òun náà á gbóná, á sì ta tirẹ̀ sí yín lórí.

Fèrèsé ìwọ̀-oòrùn ni èkejì. Etí òrùlé lè bo fèrèsé nígbà tí oòrùn bá wà lókè, àmọ́ tó bá ti rọ ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, abẹ́ etí òrùlé ló máa ń gbà yọ wọlé tààrà. Àfi ohun tó dúró ṣánṣán níwájú fèrèsé ló lè dí i.

Ní ti ewéko fúnra rẹ̀: nínú okùn àgbọn tàbí koríko tí a kó jọ, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, ó há sáàárín àwọn fọ́nrán, kò rí ibi rìn. Afẹ́fẹ́ tí kò rìn kì í jẹ́ kí ooru kọjá bọ̀rọ̀. Ìwọ̀n tí àwa fi ń mọ bí ooru ṣe ń gba ara nǹkan kọjá jẹ́ nǹkan bí 0.04 sí 0.05 fún irú ohun bẹ́ẹ̀. Ti kọnkéré lé ní 1, ti irin tó nǹkan bí 50. Ẹ rántí pé irin ni páànù. Àmọ́ kí n má tan yín: ẹní kan ṣoṣo tó fẹ́lẹ́ kò nípọn tó láti dá ooru dúró lọ́nà yìí. Ìbòòji ni ẹ máa rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fẹ́ dá ooru dúró? Ẹ jẹ́ kó nípọn, ó kéré tán bí ìka mẹ́ta.

Káfíńtà Ọ̀fà

Ọ̀rọ̀ ibi tí a gbé e kọ́ yìí, òun ni mo máa ń bá àwọn oníbàárà fà. Gbogbo wọn fẹ́ kí n gbé e kọ́ sínú pálọ̀ kó lè bá àga mu. Tí oòrùn bá ti la gíláàsì kọjá, ó ti wọlé nìyẹn. Kọ́tìnì á gbóná, ooru ara kọ́tìnì á sì wà pẹ̀lú yín nínú ilé. Ìta ni kó wà.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Ọ̀pá ọparun méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ kó lè wúwo. Mo máa rán ẹní mọ́ méjèèjì, màá so ti òkè mọ́ igi etí òrùlé, màá sì fi okùn sí i tí ẹ lè fi ká a sókè láti inú ilé. Kó jìnnà sí ògiri bí ìgbọ̀nwọ́ kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kó sì fẹ̀ ju fèrèsé lọ, kó bo ara ògiri náà dáadáa, torí ògiri búlọ́ọ̀kù tí oòrùn sun láti ọ̀sán ni kì í jẹ́ kí ẹ sùn lóru. Ẹni tí ilé rẹ̀ ní àyè níwájú, kó kúkú ta àtíbàbà sí i pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ. Kò sí ohun tó dà bí àtíbàbà fún ògiri ìwọ̀-oòrùn. Àwọn tó ń ta ẹran ní ọjà ò tíì gbàgbé rẹ̀, àwa onílé búlọ́ọ̀kù la pa á tì.

Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin lágbára lápá ọ̀dọ̀ wa. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ẹ ká a sókè kíá, ẹ so ó mọ́lẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ya.

Ní ti àjà, ayálégbé lẹ pe ara yín. Ẹ bá onílé sọ ọ́. Tó bá gbà, orí àjà ni mo máa ń tẹ́ ẹní koríko sí, ìpele lórí ìpele, tí àyè á wà láàárín òun àti páànù, màá sì la ihò sí ògiri orí ilé lápá méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná rí ibi jáde. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí ihò náà nítorí àdán àti eku. Tí kò bá gbà, ẹ ta ẹní sábẹ́ àjà, kó fi bí ìbú ọwọ́ kan jìnnà sí i. Ìyẹn kò tó ti òkè, àmọ́ ẹ máa mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá Ẹlẹ́ní

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹní ni mò ń tà, ẹní ni ìyá mi náà tà. Ọmọ Òkè Súnà, gbọ́ mi.

Ẹní tí a fi ń sùn yàtọ̀ sí èyí tó ń gba oòrùn àti òjò. Ìko tí wọ́n bó lára ewé ògùrọ̀ rọ̀, ó dára lára, inú ilé ni tirẹ̀. Tí o bá gbé e síta, kí òjò tó dá, á ti rà. Èyí tí wọ́n fi ọ̀pá ògùrọ̀ tàbí ọparun tí wọ́n là wẹ́wẹ́ hun ni kí o béèrè fún ojú fèrèsé. Tí o bá ń rà á, gbé e sí etí, tẹ̀ ẹ́: èyí tó gbẹ á ké. Èyí tí kò ké, tútù rẹ̀ ṣì wà nínú, ó máa hu èbu tí o bá ká a sílé. Wo ojú ibi tí wọ́n ti là á. Tí o bá rí ihò wínníwínní àti ìyẹ̀fun lẹ́nu rẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, dá a padà.

Àwọn àgbà máa ń gbé tiwọn sókè àjà ilé ìdáná fún èéfín kí wọ́n tó lò ó. Èéfín yẹn ni kì í jẹ́ kí kòkòrò fẹnu kàn án. Má sì jẹ́ kó kanlẹ̀, torí ikán.

Ẹní rọ́bà yẹn, ìwọ náà mọ̀ pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ni lára. Ó pẹ́ lóòótọ́, ó sì rọrùn láti fọ̀. Àmọ́ tó bá ya, ibo lo máa dà á sí? Inú gọ́tà ló ń lọ, òjò á sì gbé e. Tèmi, tó bá gbó, a fi bo ẹsẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó di ilẹ̀dú.

Ohun tó ń dùn mí nìkan ni pé àwọn tó ń bá mi gé ìko ti ń rìn jìnnà báyìí. Àbàtà tí ògùrọ̀ ń hù sí ni wọ́n ń kó yanrìn dí láti fi kọ́lé. Tí ògùrọ̀ bá tán, ọ̀rọ̀ yìí ti tán nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ẹ ṣé, Mà. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un nítorí àwọn tó ní ọmọ kékeré tàbí ikọ́ fée nílé. Eruku máa ń sá pamọ́ sínú ohun tí a hun. Ẹ gbọn ẹní, ẹ sá a sóòrùn déédéé, kì í ṣe ìgbà tí àlejò bá ń bọ̀ nìkan. Ìdun náà máa ń fara pamọ́ sí etí rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tìmùtìmù tí wọ́n fi òwú àràbà kì dára, kì í gbóná bíi fóòmù, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n hun dí dáadáa ni kí ẹ fi bò ó, torí fọ́nrán òwú àràbà wẹ́wẹ́ gan-an, ó máa ń fò wọ imú.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọmọ ọwọ́ àti arúgbó ni ooru ń tètè pa lára. Tí ẹ bá rí i pé ara arúgbó gbóná gan-an, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń dàrú, ẹ má dúró de ẹní kankan, ẹ fi omi tutù pa á lára, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọmọ Òkè Súnà

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá, ẹ máa rí mi ní ọjà. Ẹnì kan ní kí n máa wọ́n omi sí ẹní ojú fèrèsé. Ṣé ó tọ̀nà, àbí ó máa ba ilé jẹ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé Kíkọ́

Ó tọ̀nà, ó sì ti pẹ́ láyé. Ní àríwá Íńdíà, gbòǹgbò koríko vetiver ni wọ́n fi ń hun ohun tí wọ́n ń so sẹ́nu ọ̀nà àti ojú fèrèsé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Khus ni wọ́n ń pe gbòǹgbò náà. Wọ́n á máa wọ́n omi sí i, afẹ́fẹ́ gbígbóná ìta á gba inú rẹ̀ kọjá, á sì dé inú ilé ní títutù pẹ̀lú òórùn dídùn. Irú vetiver kan wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà níbí. Àwọn ará Japan ní tiwọn, sudare, ọparun tàbí esùsú tí wọ́n so pọ̀, etí òrùlé níta ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí gẹ́gẹ́ bí Káfíńtà ti wí.

Ẹ tún wo iṣẹ́ Diébédo Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso tó gba ẹ̀bùn Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé, lọ́dún 2022. Iléèwé tó kọ́ sí Gando, abúlé tí wọ́n ti bí i, parí lọ́dún 2001. Páànù náà ló fi bò ó o! Ṣùgbọ́n ó gbé páànù náà sókè jìnnà sí àjà alámọ̀, afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá, ó ń gbé ooru lọ. Ní iléèwé Lycée Schorge nílùú Koudougou, ó fi igi eucalyptus ṣe ọgbà yí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ká láti fi ṣe ìbòòji. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná ju tiwa lọ. Ó máa ń dùn mí pé àwa tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, gíláàsì gbọ̀ngbọ̀n-ọnràn la fẹ́ fi bo gbogbo iwájú ilé, a ó wá so ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ooru tí ẹ̀rọ yẹn kó jáde, fèrèsé aládùúgbò ló ń dà á sí. Gáàsì R-410A tó wà nínú púpọ̀ nínú wọn, tó bá jò, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná ju ti carbon dioxide lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000.

Tíṣà Òmù-Àrán

Lórí ti omi: kí lítà omi kan tó gbẹ tán lára ẹní, ó gbọ́dọ̀ gba ooru tó tó 2,400 kilojoule láti inú afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta yúníìtì iná kan. Ẹ̀rọ amúlétutù oní-hóòsì-páwà kan ń kó nǹkan bí 2.6 kilowatt jáde, nítorí náà lítà bíi mẹ́rin tó bá gbẹ láàárín wákàtí kan ń bá a dọ́gba. Ẹ̀bùn ńlá ni.

Àmọ́ omi kì í gbẹ níbi tí afẹ́fẹ́ ti mu omi yó. Láti ìgbà ọyẹ́ títí wọ oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ ọ̀sán tiwa gbẹ débi pé ètè ń bó. Ìgbà yẹn ni kí ẹ máa wọ́n omi. Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, láti bí oṣù kẹfà dé ìkẹsàn-án, ẹ má dán an wò. Kò ní gbẹ, èbu ni ẹ máa rí, ara yín á sì máa lẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń wọ́n ọn pàápàá, ẹ ṣí fèrèsé òdìkejì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kó sì jáde. Tí ẹ bá ti ilé pa, ọ̀rinrin ni ẹ kàn ń kó jọ.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́

Ẹ má gbé abọ́ omi kalẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ gbàgbé ẹ o. Ẹ̀fọn.

Àáfà Òkèlélé

Àlàáfíà fún gbogbo yín. Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ aṣọ òfì, bẹ́ẹ̀ Ìlọrin la wà. Àwọn ahunṣọ tiwa wà nídìí òfì títí dòní, mo sì fẹ́ kí owó ilé tutù yìí kan wọ́n lára. Ní mọ́sálásí àdúgbò wa, kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn ni wọ́n tẹ́ rọ́pò ẹní. Ó rẹwà, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Àmọ́ ní àkókò Súhùrì, ìrun ọ̀sán, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn bàbá àgbà máa ń mú ẹní tiwọn wá láti ilé. Mo ti bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́ pé kí wọ́n jẹ́ ká dá ẹní padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí, ó kéré tán. Wọ́n ń gbé e yẹ̀ wò.

Ṣé òfì lè ṣe kọ́tìnì?

Tíṣà Òmù-Àrán

Àáfà, ó dá lórí òwú rẹ̀. Ohun tó máa ń mú aṣọ tu ara ni bó ṣe ń fa ọ̀rinrin. Ní ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ aṣọ fi ń díwọ̀n rẹ̀, òwú máa ń gba omi tó tó 8.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́, jute tí wọ́n fi ń ṣe àpò kòkó tó 13.75, polyester ò sì ju 0.4 lọ. Polyester ló pọ̀ jù nínú kọ́tìnì àti ìbora àga tó wà lọ́jà. Ìdí tí òógùn fi ń dúró síni lẹ́yìn lórí àga nìyẹn.

Mi ò ní gbé òfì kọ́ fèrèsé. Ó nípọn, ó máa dí atẹ́gùn tí a ń wá. Àga àti ibùsùn ni kí ẹ fi bò, níbi tó ti kan ara. Fún fèrèsé, aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tó nínú ilé, torí ẹní ìta ló ti bá oòrùn jà. Kí ẹ sọ fún ahunṣọ pé òwú gan-an lẹ fẹ́, láìsí fọ́nrán dídán.

Ará Gánmọ

Mo ti gbọ́ gbogbo yín, mo sì gbà pé ti ìta ní làákàyè. Ṣùgbọ́n mi ò gbà ti orí àjà. Ibẹ̀ ni wáyà iná gbà kọjá. Koríko gbígbẹ, wáyà tó ti bó, oṣù kejì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Nítorí kí ilé má gbóná, ẹ ò ní fẹ́ kó jóná.

Káfíńtà Ọ̀fà

Òótọ́ lẹ sọ. Èmi kì í tẹ́ nǹkan kan sórí àjà tí oníṣẹ́ iná ò bá tíì yẹ ibẹ̀ wò, tí gbogbo wáyà ò sì tíì wọ inú páìpù. Ibi tí gílóòbù bá wà, mo máa ń fi àyè sílẹ̀ yí i ká. Onílé tí kò bá fẹ́ náwó yẹn, mi ò ní bá a ṣe é. Kó lo ti ìta.

Tíṣà Òmù-Àrán

Kí ẹ fi kẹ́míkà borax àti boric acid kún un, méje sí mẹ́ta, tí wọ́n pò mọ́ omi gbígbóná, kí ẹ rẹ ẹní náà sínú rẹ̀, kí ẹ sì sá a gbẹ kí ẹ tó tẹ́ ẹ. Kì í jẹ́ kí iná ràn bọ̀rọ̀, ikán àti kòkòrò náà kì í fẹ́ ẹ. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé e jìnnà sí àwọn ọmọ. Inú ilé nìkan ni o. Níta, òjò á fọ̀ ọ́ dànù. Kò sì sọ pé kí ẹ fi wáyà bíbó sílẹ̀.

Ọmọ Òkè Súnà

Mo ti bá onílé sọ̀rọ̀. Kò gbà ká fọwọ́ kan àjà, ṣùgbọ́n ó ní ká ta ẹní síta, ó tilẹ̀ béèrè bóyá a lè ṣe tirẹ̀ mọ́ ọn. Ti fèrèsé ni màá kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú. Ìyá, kí ni kí n mú wá?

Ìyá Ẹlẹ́ní

Wọn ìbú fèrèsé náà, kí o fi apá kan kún un lọ́tùn-ún, apá kan lósì. Wọn gígùn rẹ̀ láti etí òrùlé dé ìsàlẹ̀ fèrèsé, kó sì tún lé díẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀, má kàn fi ọwọ́ júwe fún mi. Tí onílé yín bá ń bọ̀, kí ó wọn tirẹ̀ náà. Ọ̀pá ògùrọ̀ tí mo ní nílẹ̀ báyìí kò tó fún fèrèsé méjì, màá ránṣẹ́ sí àwọn tó ń là á kí n tó gbowó lọ́wọ́ yín.